Egbò Tó Ń Yọ Sí Ètè: Ibà Kọ́ Ló Bí I, Ibà Ló Jí I

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ètè ni.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibà dìde, etí ètè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, á máa ta á ṣínṣín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìléròrò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ti ṣù jọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, wọ́n á bẹ́, wọ́n á di egbò, èépá á bò ó. Àwọn kan á ní ibà ló ń jáde. Àwọn kan á ní oúnjẹ gbígbóná ló jó o. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ wò ó dáadáa, éèdì nìyẹn o." Bí ìyẹn bá ti dé etí oníbàárà, ẹni tó ń ta ìrẹsì sísè ti rógun ọjà nìyẹn. Ó yẹ kí a mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà.

KÍ NI OHUN NÁÀ GAN-AN?

Kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn dókítà ń pè ní herpes simplex ló ń fà á. Oríṣi méjì ni. Èkíní ló sábà máa ń mú ẹnu, èkejì ló sábà máa ń mú ojú ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2020 pé nínú àwọn tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún, bíi bílíọ̀nù 3.8 ló ní oríṣi èkíní lára káàkiri ayé. Ìyẹn ni pé nínú ènìyàn 100, 64 ló ní in. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀, nítorí pé egbò kankan kò yọ sí wọn lẹ́nu rí. Ẹni tó ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ lè ní in lára ju ẹni náà lọ.

BÁWO LÓ ṢE Ń RANNI?

Itọ́ ẹnu àti ara tó kan ara ni. Ìgbà èwe ló pọ̀ jù tí ènìyàn ń kó o, láti ẹnu ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan tó fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Ìgbà tí ìléròrò bá wà ní tútù ló ń ranni jù, ṣùgbọ́n ó lè ranni nígbà míràn tí egbò kankan kò sí níta. Ẹni tó bá sì fi ẹnu elégbò kan ojú ara ẹnìkejì lè kó o ràn án níbẹ̀.

Bí kòkòrò yìí bá ti wọlé, kò tún lọ mọ́. Á tẹ̀lé iṣan tí a fi ń mọ ìrora lójú, á lọ sùn síbi tí iṣan náà ti ṣù jọ nínú agbárí. Kò tíì sí oògùn tó lè lé e kúrò níbẹ̀. Ohun tó bá dààmú ara ló ń jí i: ibà, ọ̀fìnkìn, oòrùn gangan, nǹkan oṣù, àìsùn, ìrònú. Ẹ ò rí i pé ibà kọ́ ló bí egbò náà, ibà ló jí i. Àwa tí à ń jókòó sínú oòrùn ní Àgbójù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ̀fọn tún ń jẹ lálẹ́, ó ti mọ ọ̀nà ilé wa.

Ẹ má ṣe torí pé egbò yọ kí ẹ kàn gbé oògùn ibà mì. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ mọ̀ bóyá ibà ni.

ẸNI TÍ A Ń BẸ̀RÙ FÚN: ỌMỌ TUNTUN

Ní Festac níbí, Yorùbá, Ìgbò, Ègùn, gbogbo wa la jọ ń gbé, a sì jọ ń bá ara wa ṣe ìkómọjáde. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ gbé ọmọ, tí wọ́n á máa fẹnu kò ó lẹ́nu. Àgbà á tọ́ oyin wò, á tún fi ìka kan náà kan ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀yin ìyá wa, ibẹ̀ ni ewu wà. Egbò tí kò ju nǹkan yẹpẹrẹ lọ lára àgbà lè pa ọmọ ọwọ́, nítorí pé ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan kò tíì lè jà. Kòkòrò náà lè wọ ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo.

Nítorí náà, ẹni tí egbò bá wà létè rẹ̀, kó má fẹnu ko ọmọ tuntun rárá. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Bó bá jẹ́ ìyá ọmọ ló ní in, kó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó gbé ọmọ, kó fi nǹkan mímọ́ bo ẹnu. Ó lè fún un lọ́mú, àfi tí egbò bá wà lára ọmú. Bí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìléròrò yọ sí i lára tàbí gìrì mú un, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, ó sábà máa ń jiná fúnra rẹ̀. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ acyclovir. Ó ń ṣiṣẹ́ jù tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ètè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yún ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn tó gbàwé àṣẹ, ẹ sì sọ fún un bí ẹ bá lóyún.

Ẹ má tú kápúsù sí i. Oògùn yẹn kò ran irú kòkòrò yìí. Ẹ má fi ìpara ìbóra kàn án, nítorí pé sitẹ́rọ́ọ̀dù tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ń mú un le sí i. Ẹ má ṣí èépá rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ tó kàn án nu ojú, nítorí pé ó lè ba ojú jẹ́. Kọ́ọ̀bù omi kan náà tí ẹnu mẹ́rin ń mu lọ́jà, kí onílégbò ya tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ má fi ṣíbí tó ti kan ẹnu padà sínú ìkòkò. Òrí létè àti agbòòrùn lórí dára púpọ̀.

Egbò ètè kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn ní éèdì. Ṣùgbọ́n bí kò bá jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń yọ ní gbogbo ìgbà, tàbí tí ojú bá pọ́n tó sì ń dun ni, ẹ lọ rí dókítà. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú.

Ẹ ka èyí sétí ìyàwó ilé àti ọmọ yín tó lóyún. Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí.