Àkọsílẹ̀ àti Ìtọpasẹ̀

Àkọsílẹ̀ (à-kọ-sí-ilẹ̀), ọ̀rọ̀-orúkọ: ohun tí a kọ kí ó má baà di ìgbàgbé.
Ìtọpasẹ̀ (ì-tọ̀-ipa-ẹsẹ̀), ọ̀rọ̀-orúkọ: títẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ ohun tí ó ti kọjá.

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àkọsílẹ̀ ni a fi túmọ̀ log, ìtọpasẹ̀ ni a sì fi túmọ̀ tracing. Ọ̀pọ̀ ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ wọn hàn gbangba nínú sọ́fítíwíà bíi Eclipse, tí a fi ọ̀pọ̀ plug-in kọ́, èyíinì ni àwọn ẹ̀yà tí a lè fi kún un tàbí kí a yọ kúrò. Ẹni tí ó mọ Abẹ́òkúta yóò tètè lóye irú ètò bẹ́ẹ̀: ìlú kan ni, síbẹ̀ Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu, oníkálukú ní ọba tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, a ní láti mọ ìhà tí ó ti wá.

Nítorí náà ni gbogbo plug-in Eclipse fi ń kọ sínú fáìlì kan, .log, tí ó wà nínú .metadata. Ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú !ENTRY a máa gbé orúkọ plug-in tí ó sọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó (1 fún ìsọfúnni, 2 fún ìkìlọ̀, 4 fún àṣìṣe), àti ọjọ́ pẹ̀lú àkókò. A kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ tan èyí. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà gbogbo.

Pípa ni ìtọpasẹ̀ máa ń wà, àfi bí a bá tàn án; ọ̀nà kan ni pé kí a fi -debug ṣí sọ́fítíwíà náà, kí a sì kọ true sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí a fẹ́ tọ̀ nínú fáìlì .options. Ọdẹ kì í tọ ipasẹ̀ gbogbo ẹran inú igbó.

Ká ní aládìrẹ kan ní Ìtòkú ń fi irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ tajà, tí plug-in tí ń tẹ rìsíìtì sì dákẹ́. Àkọsílẹ̀ yóò fi hàn pé ó kọsẹ̀; kò ní sọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe kí ó tó kọsẹ̀. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ní, “Ẹ fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́,” nígbà tí ìtọpasẹ̀ ni ó ń wá, ọjọ́ ọjà yóò lọ lásán. Ohun tí ó yẹ kí ó wí ni: “Ẹ tan ìtọpasẹ̀, kí ẹ tún rìsíìtì náà tẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tí ó bá kọ ránṣẹ́.”

Àwọn kan ń pe log ní ìròhìn. A kò fara mọ́ ọn. Láti 1859 tí Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ohun tí a kọ fún gbogbo ènìyàn láti kà ni ọ̀rọ̀ náà ń mú wá sọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe fún ojú gbogbo ayé. Nọ́ńbà fóònù oníbàárà tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà lè ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀, àgàgà bí ìtọpasẹ̀ bá wà ní títàn.

Ẹ ṣọ́ àmì ohùn: ìkọsílẹ̀ ni kíkọ nǹkan sílẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ ni ti tọkọtaya tí ó pínyà.