Ọwọ́ Ni Ẹ̀mí Ọmọlangidi: Ẹ̀kọ́ Tí Sinimá Ìgbà Yìí Fi Kọ́ Wa

Ẹni tí ó bá dé Akwa, àárín gbùngbùn ìṣòwò ìlú Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùn, yóò gbọ́ orúkọ Le Wouri lẹ́nu àwọn àgbà. Ilé sinimá ni, orúkọ odò ìlú náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Kí ọdún 2010 tó wọlé, ó ti kógbá sílé, bí Abbia ti ìlú Yaoundé náà ti ṣe. Láti ìgbà náà, inú yàrá àti ojú tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń wo sinimá, ohun tí wọ́n sì ń rí jù níbẹ̀ ni idán tí àwọn òyìnbó fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pa.

Kò jìnnà sí Akwa, ní oríta Deïdo, ère gìrìwò kan dúró tí Joseph-Francis Sumegne fi àlòkù irin àti pàǹtírí kọ́ ní ọdún 1996. La Nouvelle Liberté ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe Òmìnira Tuntun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí i nígbà tí wọ́n gbé e dúró. Lónìí, òun ni àmì tí a fi ń dá ìlú náà mọ̀. Ère yìí àti ilé sinimá tí ó ti ilẹ̀kùn náà bi wá ní ìbéèrè kan náà: ṣé dandan ni kí iṣẹ́ ọwọ́ kú kí a tó lè sọ pé ọ̀làjú dé?

Àwọn kan nínú wa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ohun tí a fi igi àti aṣọ ṣe jẹ́ ti àtijọ́, pé ẹ̀rọ ni ó ni ọjọ́ iwájú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tí ó ni ẹ̀rọ náà gan-an ti ṣe.

Ní ọdún 1982, Jim Henson àti Frank Oz gbé sinimá kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Dark Crystal. A kò rí ojú ọmọ ènìyàn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ọmọlangidi ni gbogbo ẹ̀dá ibẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ń mú wọn rìn. Henson kú ní ọdún 1990. Nígbà tí ó di ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Netflix gbé ìtàn tí ó ṣáájú ti àkọ́kọ́ jáde ní apá mẹ́wàá, Louis Leterrier ni ó sì darí rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dán kọ̀ǹpútà wò: wọ́n fi í ya àwọn kan nínú àwọn ẹ̀dá náà, wọ́n sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọmọlangidi. Ọmọlangidi ni wọ́n yàn. Kọ̀ǹpútà kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ o: òun ni ó pa àwòrán àwọn tí ń darí ọmọlangidi rẹ́, òun ni ó sì tún ojú àwọn ẹ̀dá náà ṣe díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ ni ó wà. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn Emmy ní ọdún 2020, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún náà ni Netflix kéde pé wọn kò ní ṣe ìtẹ̀síwájú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Yoda, baba arúgbó kékeré inú Star Wars. Ọwọ́ Frank Oz ni ó fún un ní ẹ̀mí ní ọdún 1980. Ní ọdún 2002, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi yà á láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ń fò sókè, ó ń fi idà jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú un padà ní ọdún 2017, nínú The Last Jedi, ọmọlangidi ni ó tún dà, Oz ni ó sì tún darí rẹ̀.

Kí ni ó fà á? Òṣèré tí ó dúró níwájú ọmọlangidi ní ojú tí yóò wò, ó sì ní ẹni tí yóò dá a lóhùn. Èyí tí ó ń bá àwòrán kọ̀ǹpútà ṣeré lè máa wo orí ọ̀pá lásán. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sára aṣọ àti igi gidi, òjìji sì ń tẹ̀lé e. Àṣìṣe kéékèèké tí ọwọ́ ń ṣe, àwọn ni ó ń jẹ́ kí a gbà pé ẹ̀mí wà níbẹ̀.

Ta ni ó yẹ kí ó mọ èyí ju àwa lọ? Ní ilẹ̀ Kétu àti láàrin àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn, àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dé tí ère orí rẹ̀ ń mira bí ẹni tí ó gbé e bá fa okùn. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dé gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún gbogbo ayé ní ọdún 2001. Ní ọdún 2024 ni wọ́n fi Ngondo, ọdún odò àwọn ará Douala, sínú ìwé wọn. Ní orílẹ̀-èdè Niger, Moustapha Alassane, ẹni tí ó kú ní ọdún 2015, fi ọmọlangidi ṣe sinimá Samba le Grand ní ọdún 1977. Ní ilẹ̀ wa, Olóyè Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979, Jáiyésinmi sì tẹ̀lé e ní ọdún 1980. Ara òṣèré, aṣọ, ọfọ̀ àti ọgbọ́n kámẹ́rà ni ó fi pa idán rẹ̀, àwọn ènìyàn sì tò lọ wò ó.

Ẹ wá wo Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní ọdún 2022, tí ìtàn rẹ̀ sì tẹ̀síwájú ní ọdún 2024. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ẹyẹ Àkàlà tí ó ń jí òkú dìde níbẹ̀. Iṣẹ́ náà gbayì, kò sì yẹ kí a bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹyẹ pọ̀ lórí igi Gẹ̀lẹ̀dé. Bí agbẹ́gilére kan bá gbẹ́ Àkàlà tí ó ń na ìyẹ́, tí kọ̀ǹpútà sì pa okùn rẹ̀ rẹ́, ta ni yóò lè sọ pé òun ti rí irú rẹ̀ rí?

Àwọn kan yóò ní ọwọ́ lọ́ra, pé owó rẹ̀ sì pọ̀, nígbà tí ọ̀dọ́ kan ní Akwa tàbí ní Ìbàdàn lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo bá Amẹ́ríkà figa gbága. Òtítọ́ ni. A kò sọ pé kí a ju kọ̀ǹpútà nù. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò bá mọ bí igi ṣe ń mira kò lè kọ́ ẹ̀rọ ní ìrìn rẹ̀. Ìrìn àlejò nìkan ni yóò máa yá lò. Bí agbẹ́gilére bá sì kú láì ní ọmọ-iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí UNESCO kò ní fa okùn náà fún wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Ẹ pe agbẹ́gilére àdúgbò yín wá sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé kọ̀ọ̀kan fi igi àti aṣọ ṣe ọmọlangidi kan, kí ó sì mọ ibi tí okùn ń gbà. Tẹlifóònù tí a fi ń wo idán àwọn ẹlòmíràn, ẹ fi gba àwòrán àgbà náà sílẹ̀: irú igi tí ó lò, bí ó ṣe ń so okùn, orin tí ó bá a rìn. Ẹ̀yin oníṣẹ́ sinimá, ẹ san owó fún un bí ẹ ti ń san án fún ẹni tí ń lo kọ̀ǹpútà. Àwọn tí ó lówó tí wọ́n sì lẹ́rọ jù wá lọ ti padà sídìí ọmọlangidi. Ìtìjú ńlá ni yóò jẹ́ bí àwa, tí a bá a nílé, bá jẹ́ kí ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.