Nígbà tí ẹ̀rọ amómigbóná bá kọ̀ṣẹ́ nínú ilé

Ní àsìkò ọyẹ́, òwúrọ̀ máa ń tutù ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́. Àgbàlagbà tí oríkèé ara ń ro kì í fẹ́ fi ọwọ́ kan omi tútù. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ń retí omi gbígbóná tí yóò fi wẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni a sì fi ń wẹ ọmọ ọwọ́. Láyé àtijọ́, igi ìdáná àti ìkòkò ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú ńlá, ẹ̀rọ tí àwọn elédè Faransé ń pè ní chauffe-eau ti wọ ilé àwọn kan. A lè pè é ní ẹ̀rọ amómigbóná.

Ẹ̀rọ yìí wúlò, ṣùgbọ́n omi àti iná mànàmáná ni ó kó pọ̀ sínú àgbá kan. Bí àwọn méjèèjì bá kan ara wọn lọ́nà tí kò yẹ, ikú lè ti ibẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí onílé mọ nǹkan mẹ́ta: ohun tí ó lè fi ojú ara rẹ̀ wò, ohun tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, àti ibi tí ó ti gbọ́dọ̀ dúró kí ó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́. Ẹni tí ó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní fi owó ṣòfò, kò sì ní fi ẹ̀mí wéwu.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ amómigbóná jẹ́ àgbá irin tí wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí ooru jáde yí ká. Omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọ inú rẹ̀. Omi gbígbóná ń gba òkè jáde, nítorí pé omi gbígbóná fúyẹ́ ju omi tútù lọ.

Nǹkan mẹ́rin ni ó ṣe pàtàkì lára rẹ̀. Èkíní ni irin tí ń gbóná nínú omi, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní résistance. Èkejì ni thermostat, tí ń ṣọ́ ooru omi. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n tí a fẹ́, á pa iná. Bí omi bá tutù, á tún tan án. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá magnésium tí wọ́n ń pè ní anode. Ọ̀pá yìí ni omi ń jẹ díẹ̀díẹ̀ dípò kí ó jẹ ara àgbá. Ẹ̀kẹrin ni groupe de sécurité, tí ó wà nísàlẹ̀, ní ibi tí omi tútù ti ń wọlé. Òun ni ó ń jẹ́ kí omi díẹ̀ jáde nígbà tí agbára inú àgbá bá pọ̀ jù.

Wọ́n tún máa ń lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ara ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó ti mọ̀wé kà yóò rí ohun gidi níbẹ̀. Lẹ́tà L ń sọ iye lítà omi tí àgbá gbà. Lẹ́tà W ń sọ agbára iná tí ó ń lò. Lẹ́tà V ń sọ irú iná tí ó yẹ fún un: ní ilẹ̀ Benin, 220 V ni iná inú ilé. Ó dára kí onílé kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, nítorí oníṣẹ́ yóò bi í.

Ohun àkọ́kọ́: kí iná kúrò lára ẹ̀rọ

Ohunkóhun tí ó bá ṣe ẹ̀rọ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú ìdérí rẹ̀ nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Kò tó kí a kàn pa á lára ògiri. Inú àpótí iná ilé ni kí onílé lọ, kí ó pa disjoncteur tí ó ń darí ẹ̀rọ amómigbóná. Kí ó sọ fún gbogbo ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má tàn án. Kí ó lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọn pé: “Má ṣe tàn án.”

Nǹkan méjì tún wà tí kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí. Àkọ́kọ́ ni wáyà aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, tí ó ń kó iná tí ó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Èkejì ni disjoncteur différentiel tí a kọ 30 mA sí lára. Bí iná bá ń jò, òun ni ó ń pa á kí ó tó pa ènìyàn. Ilé tí kò bá ní méjèèjì yìí kò tíì yẹ fún ẹ̀rọ amómigbóná.

Bí omi kò bá gbóná rárá

Kí onílé kọ́kọ́ wò ó bóyá iná wà nínú ilé. Lẹ́yìn náà, kí ó wo disjoncteur. Bí ó bá ti wálẹ̀, kí ó gbé e sókè ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ó bá tún wálẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ara irin tí ń gbóná ti lu, kí iná sì máa bọ́ sínú omi. Ẹni tí ó bá ń gbé disjoncteur sókè léraléra, tàbí tí ó fi nǹkan dè é kí ó má baà wálẹ̀, ikú ni ó ń pè wá sílé. Oníṣẹ́ iná ni kí a pè.

Bí disjoncteur kò bá wálẹ̀ tí omi kò sì gbóná, ó lè jẹ́ pé irin náà ti já, tàbí pé thermostat ti pa ara rẹ̀ nítorí pé omi gbóná jù. Abẹ́ ìdérí ni àwọn nǹkan wọ̀nyí wà. Oníṣẹ́ tí ó ní ohun èlò ìwọná ni ó lè mọ èyí tí ó bàjẹ́. Irin àti thermostat ṣeé pààrọ̀. Kò di dandan kí a ra ẹ̀rọ tuntun.

Nǹkan kan máa ń ba ẹ̀rọ tuntun jẹ́ ní ọjọ́ kìíní: kí a tan iná nígbà tí omi kò tíì kún inú àgbá. Irin tí kò sí nínú omi á jóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ ṣí rọ́bínẹ̀ omi gbígbóná nínú ilé ìwẹ̀. Nígbà tí omi bá ń ṣàn geere, tí afẹ́fẹ́ kò sì dà á rú mọ́, àgbá ti kún nìyẹn. Ìgbà náà ni kí a tan iná.

Bí omi gbígbóná bá tètè tán

Kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Àgbá lítà 50 tí ó gbé omi dé 60 °C, tí a bá fi omi tútù là á kí ara lè gbà á, lè fún ilé ní nǹkan bí 100 lítà omi ìwẹ̀. Garawa oní-lítà 15 mẹ́fà nìyẹn. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá fẹ́ wẹ̀ tẹ̀ léra wọn, ẹni kejì sí ìkẹyìn yóò bá omi tútù. Ẹjọ́ ẹ̀rọ kọ́.

Ó tún gba sùúrù. Bí irin náà bá jẹ́ 1500 W, yóò lò tó wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú kí lítà 50 náà tó gbóná. Ó sì ń jẹ iná tó kilowattheure 2. Ẹni tí ó bá tàn án ní agogo 6, tí ó sì fẹ́ wẹ̀ ní agogo 6 kọjá ìṣẹ́jú 20, kò tíì fún un láyè.

Ṣùgbọ́n bí omi bá ń tètè tán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí ènìyàn kò sì pọ̀ sí i, ẹfun inú omi ni kí a fura sí. Omi ibòmíràn ní calcaire nínú, tí ó funfun, tí ó sì le bí ẹfun. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Nígbà tí ó bá nípọn, ooru kì í tètè dé inú omi, owó iná á sì máa gòkè.

Bí omi bá ń kán sílẹ̀

Èyí ni ó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó burú. Omi tí ó ń gbóná máa ń fẹ̀. Lítà 50 tí ó kúrò ní 27 °C tí ó dé 60 °C yóò fẹ̀ ju ìdajì lítà lọ. Omi tí ó lé yìí gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Nítorí náà, bí groupe de sécurité bá ń kán tó-tó-tó nígbà tí iná wà lára ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe.

Àwọn kan máa ń fi rọ́bà tàbí igi dí ẹnu rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà tutù. Èyí léwu púpọ̀. Àgbá tí omi rẹ̀ ń fẹ̀ tí kò sì rí ọ̀nà jáde lè bẹ́, kí ó wó ògiri, kí ó sì pa ènìyàn. Garawa tàbí ọ̀pá kékeré tí yóò darí omi náà lọ síta ni ó yẹ.

Bí ó bá ń kán tọ̀sán tòru, pàápàá nígbà tí iná kò sí, ìdọ̀tí lè há sí i. Kí onílé yí ọwọ́ rẹ̀ kí omi tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó sì dá a padà. Ó yẹ kí a máa ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ó má baà gan. Bí kò bá dáwọ́ dúró, kí oníṣẹ́ omi wá pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara àgbá fúnra rẹ̀ bá ti jò, kò sí àtúnṣe. Kí a pa iná, kí a dí omi, kí a wá òmíràn.

Bí ó bá ń pariwo, tàbí tí omi rẹ̀ pọ́n

Ariwo bí ìgbà tí àgbàdo ń ta nínú ìkòkò jẹ́ àmì pé ẹfun ti pọ̀ lórí irin. Oníṣẹ́ yóò tú omi inú àgbá dànù, yóò sì fọ irin náà mọ́.

Bí omi gbígbóná bá pọ́n bí ìpẹtà, kí onílé ṣí rọ́bínẹ̀ omi tútù wò. Bí omi tútù náà bá pọ́n, láti inú kànga tàbí ọ̀pá omi ni ó ti wá. Bí ó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan, ó ṣeé ṣe kí omi ti jẹ ọ̀pá magnésium tán, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbá. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀pá tuntun kò wọ́n tó àgbá tuntun. Ó dára kí oníṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún méjì-méjì.

Bí omi bá gbóná jù

Omi tí ó wà ní 60 °C lè bó awọ àgbàlagbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ti ọmọdé yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò dára kí omi inú àgbá máa lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lásán, nítorí kòkòrò àìfojúrí máa ń pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Kí a fi thermostat sí ìwọ̀n 55 sí 60, kí a sì là á kí ó tó kan ara. Omi tútù ni a ń kọ́kọ́ bù sínú garawa ọmọdé, kí a tó bu gbígbóná lé e.

Bí omi bá jó ènìyàn, kí a da omi tútù tí ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kí a má ṣe fi epo pupa, iyọ̀ tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Bí ó bá fẹ̀, tàbí tí ó bá jẹ́ ọmọdé, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ.

Irin tí a ń kì bọ inú garawa

Ilé tí kò ní àgbá amómigbóná lè ní irin kékeré tí a ń kì bọ omi, tí wọ́n ń pè ní thermoplongeur. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀. Òfin rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ:

1. Kí irin wà nínú omi kí a tó tan iná.
2. Kí a yọ wáyà kúrò lára ògiri kí ọwọ́ tó kan omi. Kò sí ìdánwò nínú èyí.
3. Kí a má ṣe lo garawa onírin, nítorí iná lè gba ara rẹ̀ mú ènìyàn.
4. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀ lọ sí ọjà tàbí sùn. Bí omi bá gbẹ, garawa oníke á yọ́, ilé á sì gbiná.
5. Kí ọmọdé má ṣe sún mọ́ ọn.

Bí ẹfun bá bò ó, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a rẹ irin rẹ̀ nìkan sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, kí a sì fọ̀ ọ́. Bí wáyà rẹ̀ bá ti bó tàbí tí irin rẹ̀ bá ti sán, kí a sọ ọ́ nù. Kò sí oníṣẹ́ tí ó yẹ kí ó tún un ṣe.

Kí a tó san owó oníṣẹ́

Ó yẹ kí onílé bi oníṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ó bàjẹ́? Kí ni ó bà á jẹ́? Níbo ni èyí tí o yọ wà? Oníṣẹ́ tòótọ́ yóò fi irin tí ó já hàn án, yóò sì sọ fún un bóyá ẹfun ni ó pa á tàbí iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Kí onílé kọ ọjọ́ náà àti ohun tí a pààrọ̀ sínú ìwé kan náà tí ó kọ L, W àti V sí. Ní ọdún tí ń bọ̀, ìwé yìí yóò gbà á lọ́wọ́ àìmọ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀rọ tí ń kán, tí ń pariwo tàbí tí ń pa disjoncteur ti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá tètè dá a lóhùn ni yóò wẹ omi gbígbóná ní àlàáfíà.