Ohun Tí Bíráósà Fò Kò Tíì Di Àṣírí

Nínú HTML, èdè tí wọ́n fi ń to ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, àyè wà fún ọ̀rọ̀ tí kò ní hàn síta. Bí akọ̀wé bá fi <!-- bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tó sì fi --> parí rẹ̀, bíráósà bíi Chrome tàbí Firefox yóò fo ohun tó wà láàárín wọn. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń fi í ṣàlàyé iṣẹ́ fún ara wọn, ó sì wúlò púpọ̀, torí ẹni tó to ojú-ewé lónìí lè má sí níbẹ̀ nígbà tí àtúnṣe bá dé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló gbà pé ohun tí kò hàn ti di àṣírí, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Kọ̀ǹpútà tó ń pín ojú-ewé kì í yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Odindi rẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Kí onítọ̀hún tẹ Ctrl àti U pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jáde.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Akọ̀ròyìn kan ní ìwé ìròyìn St. Louis Post-Dispatch rí i pé nọ́ńbà Social Security àwọn olùkọ́, èyí tí gbájú-ẹ̀ lè fi yáwó lórúkọ ẹni, wà nínú HTML ojú-ewé ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Kì í ṣe àárín àmì tí mo dárúkọ yẹn ni ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló gbà dé ọwọ́ aráyé. Ìwé ìròyìn náà fi tó ìjọba létí, kò sì gbé ìròyìn náà jáde títí wọ́n fi yọ ojú-ewé yẹn kúrò. Síbẹ̀, Gómìnà Mike Parson pe akọ̀ròyìn náà ní hákà, ìyẹn ẹni tó ń jálẹ̀kùn wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ó sì fi ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, agbẹjọ́rò ìjọba ní òun kò ní pe akọ̀ròyìn náà lẹ́jọ́. Ìpinnu yẹn tọ̀nà. A kì í fi ìwé lé ènìyàn lọ́wọ́ tán, ká wá mú un lólè nítorí pé ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Àwọn kan yóò ní, mélòó nínú wa ló tilẹ̀ mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé wò? Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ ẹnì kan tó ń wá ibi tó. Ó lè kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú-ewé láìsinmi, tí yóò sì máa ṣa ohun tó fara pamọ́ sáàárín àwọn àmì yẹn. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n kúkú má kọ àlàyé mọ́. Èmi kò gbà, torí oníṣẹ́ tó ń tún iṣẹ́ tí kò ní àlàyé ṣe lè ba ibi tó dára jẹ́. Bí wọ́n bá kọ àlàyé náà sínú PHP, èdè mìíràn tí wọ́n fi ń pèsè ojú-ewé, kò ní kúrò lórí kọ̀ǹpútà tó ń pín ojú-ewé, nítorí iṣẹ́ PHP ti parí kí ojú-ewé tó jáde. Irinṣẹ́ sì wà tó ń gbá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú HTML kí wọ́n tó gbé e síta. Ní ti páásíwọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ará ìlú, kò sí àmì kankan nínú HTML tó lè bò wọ́n.