Púlọ́ọ̀gì Tó Fò Jáde

Ṣé o mọ̀ pé púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ lè fò jáde fúnra rẹ̀ lórí eré? Àwọn ọkọ̀ Ford láti nǹkan bí ọdún 1997 ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù ní Amẹ́ríkà: F-150, Super Duty, E-Series. Ẹ́ńjìnì Triton onífáàfù méjì ní sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló wà nínú wọn, V8 tàbí V10.

Ṣé o mọ bó ṣe ń dún? Gbòà! lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà tà-tà-tà-tà. Kọ́ìlì orí rẹ̀ sábà máa ń bá a fọ́.

Ṣé o mọ ohun tó fà á? Eyín ni. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà, eyín bíi mẹ́rin péré ló sì di púlọ́ọ̀gì mú níbẹ̀. Mẹ́rin! Eyín ẹnu ọmọ ọwọ́ ju ìyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá yí nígbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,000 ni iná ń bú gbàmù lábẹ́ púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, tó ń tì í sókè.

Ṣé o mọ̀ pé ooru máa ń mú alumíníọ̀mù wú tó ìlọ́po méjì irin? Torí náà, jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù kí o tó tú púlọ́ọ̀gì.

Ṣé o mọ̀ pé púlọ́ọ̀gì tuntun nìkan kò tún un ṣe? Ihò ló ti pàdánù eyín. Mẹkáníìkì á fẹ ihò náà, á gé eyín tuntun sí i, á wá de búṣì irin tó ní eyín nínú àti lóde mọ́ ọn. Kò pọn dandan kó sọ tọ́ọ̀pù sílíńdà kalẹ̀. Gírísì ló máa ń fi pa irinṣẹ́ tó ń gé eyín, kí èérún alumíníọ̀mù lè lẹ̀ mọ́ ọn; èyí tó bá já bọ́ sínú sílíńdà lè ha ògiri rẹ̀. Ibi tí mo ti máa ń mọ mẹkáníìkì gidi nìyẹn.

Ṣé o mọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín? Àbúrò ẹ́ńjìnì yìí, V8 lítà 5.4 onífáàfù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ní tirẹ̀, púlọ́ọ̀gì kọ̀ láti jáde! Alápá méjì ni púlọ́ọ̀gì náà, èéfín dídì á gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ìsàlẹ̀ náà á sì kán sínú. Ìlànà tí Ford fi ránṣẹ́ sáwọn mẹkáníìkì ni pé kí wọ́n tú u díẹ̀, kí wọ́n da oògùn ìfọ kábúrétọ̀ sí i, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n wá máa yí i síwá-sẹ́yìn, jẹ́jẹ́.