Òfin Gestalt àti Àmì Lẹ́tà Yorùbá nínú Iṣẹ́ Gíráfíìkì

Ní ọdún 1923, Max Wertheimer, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ní Jámánì, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó kún fún àmì róbótó kéékèèké tí a tò sórí ìlà. Bí àyè àárín wọn bá dọ́gba, ìlà kan ṣoṣo ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n bí a bá fa àwọn àmì náà súnmọ́ra ní méjì-méjì, tí a sì fi àyè tó gbòòrò sáàrin ìdì kan àti èkejì, méjì-méjì náà ni ojú yóò máa rí wọn, yóò sì nira fún un láti tò wọ́n lọ́nà mìíràn. Wertheimer pẹ̀lú Wolfgang Köhler àti Kurt Koffka ni wọ́n fi ìdí ẹ̀kọ́ Gestalt múlẹ̀: odindi ohun ni ojú kọ́kọ́ ń gbá mú kí ó tó kan àwọn ẹ̀yà rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ gíráfíìkì ti jẹ nínú ẹ̀kọ́ yìí lọ́pọ̀lọpọ̀. Kò sí ìlà tó yí àtàrí tàbí ẹ̀yìn pandà inú lógò àjọ WWF ká. Ojú ẹni ló ń parí rẹ̀. Nínú lógò FedEx ti ọdún 1994, àlàfo funfun tó wà láàrin E àti x ló di ọfà. Ẹni tó mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò ní ka èyí sí àjèjì, nítorí ibi tí a fi ẹ̀kọ láfún bò, tí aró kò ráyè wọ̀, ni àwòrán ti ń yọ.

Òfin ìsúnmọ́ra ló kan àkọtọ́ Yorùbá jù. Ẹ̀yà méjì ni ẹ, ọ àti ṣ ní, a sì fẹ́ kí ojú kà wọ́n sí ẹyọ kan. Bí ìlà ọ̀rọ̀ bá há jù lórí pátákó ìpolówó, àmì abẹ́ ọ tó wà lókè lè súnmọ́ lẹ́tà ìsàlẹ̀ ju lẹ́tà tirẹ̀ lọ. Ojú yóò sì gbé e fún ti ìsàlẹ̀ bí ẹni pé àmì ohùn ni. Fífa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ojú a máa tẹ̀lé ohun tó bá ń bá a lọ ní títọ́, nítorí náà ìlà náà a gbé àmì mì, ọ a sì di o.

Ẹ̀bi náà kò pin sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ gíráfíìkì. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni a ń fi àmì ohùn kún lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣètò ibùdúró àmì sí lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí ó fi kọ lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Ewu rẹ̀ kò kéré: àmì orí fáwẹ́lì ìkẹyìn nìkan ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń yọ àmì kúrò lára àkọlé ìwé pátápátá, wọ́n ní ó ń ba ẹwà jẹ́. Àwáwí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ka àmì sí ìdọ̀tí tó bà sórí ìwé, nígbà tí ó jẹ́ apá kan lára lẹ́tà gan-an. Àyè tí wọn kò fi sílẹ̀ ló ń ba ẹwà jẹ́, pàápàá bí wọ́n bá fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo àkọlé: Ẹ̀KỌ́ ń béèrè àyè lókè àti nísàlẹ̀ ju BOOK lọ. Àlàfo àárín ìlà ní láti fẹ̀ ju èyí tí kọ̀ǹpútà yàn fúnra rẹ̀, kí àmì sì tóbi tó ìwọ̀n ìlà tí a fi ya lẹ́tà.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Kí a so iṣẹ́ náà mọ́ ògiri, kí a máa fẹ̀yìn rìn, kí a wo ohun tó kọ́kọ́ pòórá. Bí àmì bá ti lọ tí lẹ́tà ṣì hàn, ọkọ ni yóò kù lójú ẹni tó yẹ kí ó ka ọkọ̀.