Ìpẹtà Ara Ọkọ̀: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Fílà Bò Ó

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ọ̀fà níbí ni ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bóyá Ìjàpá bàbá àgbà, bóyá Peugeot 504 tó gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní iléeṣẹ́ Volkswagen l'Ékòó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Wọn kò ṣe wọ́n mọ́. Ní ọdún 2003 ni Ìjàpá ìkẹyìn jáde ní Mexico. Ẹni tó bá fẹ́ràn tirẹ̀, àtúnṣe ló kù fún un.

Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń bí ìpẹtà, iyọ̀ sì ń mú un yára. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó pẹ́ létí òkun fi ń tètè jẹ, tí abẹ́ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù náà sì lè ti jẹ kí òkè rẹ̀ máa dán, nítorí wọ́n a máa da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù. Ti ọ̀dọ̀ wa yàtọ̀: eruku pupa a dí ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, omi òjò a dúró sínú, irin a sì máa jẹ láti inú wá. Nígbà tí ọ̀dà bá fi wú, inú ti bàjẹ́.

Ní ti Ìjàpá, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn kí ẹ wo abẹ́ bátìrì, ibi tí ásíìdì ti ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ fi sukudiráfà gún un. Ibi tó bá wọlé ti kú.

Ibẹ̀ ni panẹ́bítà tó ń kánjú ti máa ń mú bọ́dì-fílà jáde. (Fílà yìí kì í ṣe fìlà orí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àti èyí àti ìyẹn ni wọ́n fi ń bo pípá.) Fílà a máa fa omi mu, bí ìpẹtà bá wà lábẹ́ rẹ̀, yóò tún wú. Lójú ilẹ̀kùn, owó ló ṣòfò. Nílẹ̀ ọkọ̀ tí ìjókòó dè mọ́, ẹ̀mí ni. Ẹni tó bo irú ihò bẹ́ẹ̀ kó tó ta ọkọ̀ fún ẹlòmíràn, irọ́ ló pa, bí kò tilẹ̀ la ẹnu.

Iṣẹ́ gidi gùn. Kí wọ́n tú bátìrì, kí wọ́n gbé táńkì epo kúrò bí iná yóò bá súnmọ́ ọn, kí wọ́n gé ibi tó jẹ títí wọn yóò fi kan irin tó ń dán. Páànù tó nípọn bíi ti ara ọkọ̀ ni kí wọ́n fi dí i. Ẹ má gba páànù òrùlé: èéfín síǹkì ara rẹ̀ a máa dá àìsàn bí ibà sí ẹni tó ń jó o lára. Kí wẹ́dà jó o díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, torí bó bá jó o lọ tààrà, páànù á ká. Bí ẹ bá sì rí ọmọ-iṣẹ́ tó ń wo iná náà láìsí awò lójú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá ọ̀gá rẹ̀ wí.

Ìgbà náà ni fílà tó láyè, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lórí irin tó mọ́. Ẹ fi aṣọ tinrin wé òòfà kékeré, kí ẹ fi kan ara ọkọ̀. Níbi tí fílà bá ti nípọn, kò ní lẹ̀. Kí ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ da omi díẹ̀ sí etí gíláàsì ilẹ̀kùn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá yóò jáde nísàlẹ̀.